Làpálàpá tó ń lọ tó ń padà wá: ẹ má tíì ra kírímù míì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Láti ọdún tó kọjá ni làpálàpá ti mú mi lábẹ́ itan, ó ti dé ìdí báyìí. Kírímù tí wọ́n ń tà fún mi ní kẹ́mísì, tí mo bá ti fi pa á bí ọjọ́ mẹ́ta, yíyún ẹ̀ á ti dáwọ́ dúró, ó tiẹ̀ máa ń fẹ́ parẹ́, àmọ́ tí mo bá ti fi sílẹ̀ báyìí ó tún ti dé, á sì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti wá ní in lọ́rùn àti lórí. Àbúrò mi tó wà ní London wá ń sọ pé fọ́ńgọ́ọ̀sì kan ti wà níta báyìí tí oògùn ò ràn. Ṣé òun ló mú wa ni? Ṣé kí n lọ ra èyí tó lágbára jù ú lọ? Ìyá Bọ́lá, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà mà. Yíyún abẹ́ itan kì í jẹ́ kéèyàn sùn, kò sì ṣeé họ láàárín èrò. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn èyí tẹ́ ẹ bi mí gbẹ̀yìn: rárá, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ mú tíúbù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, lẹ́tà wẹ́wẹ́ yẹn o, kì í ṣe orúkọ gàdàgbà tó wà níwájú. Tẹ́ ẹ bá rí clobetasol, betamethasone tàbí beclomethasone níbẹ̀, sitẹ́rọ́ìdì nìyẹn, òun ló sì ń ṣe yín bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, ìjà tí ara yín ń bá fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìyẹn ẹ̀dá tíntìntín tó ń fa làpálàpá, jà ló ń fa pípọ́n àti yíyún yẹn. Sitẹ́rọ́ìdì máa ń dá ara lẹ́kun kó má jà mọ́, ìdí nìyẹn tí yíyún fi ń lọ kíákíá, àmọ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń jẹun ẹ̀ lọ, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó ń dí i lọ́wọ́ mọ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wá fi kírímù sílẹ̀, ara á jí, á rí i pé ilẹ̀ ti fẹ̀, yíyún á sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Púpọ̀ nínú àwọn kírímù alápòpọ̀ yìí ló jẹ́ pé sitẹ́rọ́ìdì, oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì, àti oògùn bakitéríà bíi neomycin tàbí gentamicin ni wọ́n pò pọ̀, èyí tó kẹ́yìn yìí ò sì mọ nǹkan kan nípa làpálàpá rárá. Clobetasol ní tiẹ̀ wà lára sitẹ́rọ́ìdì tó le jù tí wọ́n ń fi pa ara, awọ abẹ́ itan sì fẹ́lẹ́. Mo máa ń rí àwọn tí awọ ibẹ̀ ti là tó ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ bíi ti ikùn abiyamọ, ìlà yẹn kì í lọ mọ́, ó sì máa ń dùn mí gan-an torí owó wọn ni wọ́n fi rà á.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti àbúrò yín. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀, àmọ́ ó jọ pé nǹkan méjì ló pa pọ̀. Èyí tí ìròyìn sábà máa ń pariwo ni Candida auris, ọdún 2009 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ẹ̀ ní Japan, wọ́n rí i nínú etí aláìsàn kan. Inú ọsibítù lòun ti ń jà, lára ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ ìmí tàbí tí wọ́n ki rọ́bà sí níṣan, ó máa ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń pààyàn lóòótọ́. Nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé orúkọ fọ́ńgọ́ọ̀sì 19 tó yẹ kí aráyé jára mọ́ jáde ní October 2022, ó wà lára mẹ́rin tí wọ́n kà sí èyí tó burú jù. Kì í ṣe òun ló wà lábẹ́ itan yín, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Àwọn fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń fa làpálàpá ò tiẹ̀ sí nínú 19 yẹn.

Èyí tó kàn wá ni èkejì, Trichophyton indotineae lorúkọ ẹ̀. Làpálàpá lòun, àmọ́ làpálàpá tó ń gba gbogbo ara, abẹ́ itan, ìdí, ikùn, nígbà míì dé ojú, ó sì máa ń ran gbogbo ilé. Orílẹ̀-èdè India àtàwọn ará àdúgbò ẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbilẹ̀, ọdún 2020 ni àwọn onímọ̀ ní Japan fún un lórúkọ, lẹ́yìn tí wọ́n rí i lára aláìsàn ọmọ India àti ọmọ Nepal tó wà lọ́dọ̀ wọn. Terbinafine tí gbogbo ayé gbọ́kàn lé fún làpálàpá, apá ẹ̀ kì í sábà ká a.

Kí ló dé tí apá ẹ̀ ò fi ká a? Fọ́ńgọ́ọ̀sì ń lo ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní ergosterol láti fi ṣe awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀, àwa èèyàn ń lo cholesterol ní tiwa. Terbinafine máa ń lọ di èròjà kan mú nínú fọ́ńgọ́ọ̀sì, squalene epoxidase, tí kò lè ṣe ergosterol láìsí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ jíìnì èròjà yìí, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é, wò lára èyí tí oògùn ò ràn mọ́, lọ́pọ̀ ìgbà ibì kan ṣoṣo péré ló yí padà, ìyẹn sì ti tó kí terbinafine má ríbi dì mú mọ́. Ohun tó ń kó àwa oníṣègùn láyà sókè sì ni pé àrọ́pò ò pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì fọ́ńgọ́ọ̀sì sún mọ́ ti èèyàn ju ti bakitéríà lọ, torí náà ohun tó máa pa á lè pa àwa náà lára, oríṣi oògùn tá a ní fún un ò sì ju ìwọ̀nba tí èèyàn lè fi ìka ka lọ.

Àwọn dókítà awọ ara ní India kígbe títí lórí kírímù alápòpọ̀ tí wọ́n ń tà káàkiri bí ẹní ta ṣúgà, wọ́n gbà pé ó wà lára ohun tó jẹ́ kí làpálàpá yìí gbilẹ̀, nígbà tó sì di 2018 ìjọba wọn pàṣẹ pé àwọn kírímù sitẹ́rọ́ìdì kan ò ṣeé tà mọ́ láìsí ìwé dókítà. Irú kírímù yẹn kan náà ló kún kẹ́mísì wa níbí. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 2023 ni wọ́n kéde àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n rí, obìnrin méjì ní New York. Ọ̀kan wà nínú oyún nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò rìnrìn àjò lọ síbì kankan, wọ́n fún un ní terbinafine fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò gbọ́, oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì míì, itraconazole, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló wá bá a wò ó. Èkejì, Bangladesh ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ọkọ ẹ̀ àti ọmọ ẹ̀ sì ní irú ẹ̀ lára. Wọ́n ti rí i ní Ìlú Ọba náà, ibẹ̀ ni àbúrò yín á ti gbọ́.

Ṣé òun ló wá mú yín? Èmi ò lè fojú wò ó kí n mọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fojú wò ó kó mọ̀. Ohun tí mo rò ni pé kírímù yẹn gan-an ló ń bọ́ làpálàpá lásán, torí bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń rí lára ọ̀pọ̀ tó ń wá sọ́dọ̀ wa. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó tiẹ̀ lè má jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì rárá. Ẹ lọ sí kílíníìkì awọ ara ní ọsibítù ńlá, wọ́n á fi abẹ kúkurú họ ìpẹ́pẹ́ etí ibi tó ń yún, kì í dunni, wọ́n á kán oògùn kan sí i tó máa yọ́ awọ, wọ́n á wá wo fọ́ńgọ́ọ̀sì nínú ẹ̀rọ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ìyẹn ò ju ọjọ́ kan lọ. Èyí tí wọ́n máa gbìn kí wọ́n lè mọ irú tó jẹ́ lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kì í sì í ṣe gbogbo láàbù ló lè mọ indotineae yàtọ̀ sáwọn ìbátan ẹ̀, jíìnì ẹ̀ ni wọ́n máa ń kà kó tó dájú. Kí wọ́n bá yín yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú, torí tó bá pọ̀ jù, ó lè jẹ́ kí làpálàpá máa padà wá. Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó lọ, kí wọ́n sọ iye ọjọ́ tí ẹ ò ní fi kírímù kankan pa á, torí tó bá ṣì wà lára, fọ́ńgọ́ọ̀sì lè sá pamọ́ fún àyẹ̀wò. Tẹ́ ẹ bá ti fi sitẹ́rọ́ìdì sílẹ̀, ó lè yún gan-an fún bí ọjọ́ mélòó kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má padà sídìí ẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta fluconazole oníhóró kan fún yín. Hóró kan mílígíráàmù 150 yẹn, ti ojú ara obìnrin tó ń yún ni, kò lè ṣe nǹkan kan fún làpálàpá tó ti gbalẹ̀. Ketoconazole oníhóró ńkọ́? Ẹ má gbé e mì, látọdún 2013 làwọn aláṣẹ oògùn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ gan-an nípa ohun tó ń fi ẹ̀dọ̀ ṣe.

Tó bá jẹ́ làpálàpá lásán, clotrimazole tàbí terbinafine tí kò ní sitẹ́rọ́ìdì nínú máa tó, kẹ́ ẹ pa á kọjá etí ibi tó pọ́n, kẹ́ ẹ sì máa pa á lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kódà tí ojú ẹ̀ bá ti mọ́. Ẹni tó dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tí yíyún lọ, ewé eèkan ló gé, gbòǹgbò wà nílẹ̀. Táwẹ́ẹ̀lì àti kànìnkànìn, kí kálukú ní tiẹ̀, pátá kẹ́ ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ sá a sóòrùn, kẹ́ ẹ sì nu abẹ́ itan gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó wọṣọ.

Ti orí ọmọ yàtọ̀ pátápátá. Kírímù ò lè dé inú ihò irun níbi tí fọ́ńgọ́ọ̀sì wà, oògùn oníhóró tàbí olómi ló máa gbé mì, griseofulvin tàbí terbinafine, ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ tó bá jẹ́ griseofulvin, oúnjẹ tó lọ́ràá sì ni wọ́n ń fi lò ó kó lè wọ ara. Bí ara ọmọ ṣe wúwo ni wọ́n fi ń wọn oògùn ẹ̀, ẹ má fún un ní tàgbà ìlàjì. Kóòmù àti rìbọ́ọ̀nù ẹ̀, kí ẹlòmíì má lò ó.

Tí dókítà bá wá kọ itraconazole fún yín, ẹ sọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò fún un, pàápàá oògùn ọkàn àti ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ sì sọ fún un bí oyún bá wà tàbí ẹ ń retí ẹ̀. Tó bá jẹ́ oníkápúsù, ẹ fi oúnjẹ lò ó, ẹ má lo omeprazole tàbí oògùn ọgbẹ́ inú mọ́ ọn torí kò ní jẹ́ kó wọ ara. Gbogbo tíúbù tẹ́ ẹ ti lò látọdún tó kọjá, àti òfìfo àti èyí tó kù, ẹ kó wọn sínú náílọ́ọ̀nù kẹ́ ẹ gbé e dání lọ.