Má tíì sanwó ẹ̀díṣàn tuntun yẹn o

Àbúrò tó bèèrè bóyá kóun ra ẹ̀díṣàn kẹsàn-án ìwé tí lẹ́kíṣọ̀ dárúkọ àbí kóun fi ẹ̀díṣàn kẹjọ tóun rí ní àlòkù ṣe é, jẹ́ n sọ tèmi fún ẹ torí mo ti fowó ṣòfò gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, owó oúnjẹ ni mo fi ra ìwé físíìsì tuntun. Nígbà tó yá mo jókòó ti ẹnìkan tó ní ẹ̀díṣàn tó ṣáájú ẹ̀, a ṣí méjèèjì sórí tábìlì, àlàyé kan náà, àwòrán kan náà, kódà ìdáhùn kan tí wọ́n ṣì kọ lẹ́yìn ìwé ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Kí ni wọ́n wá yí? Nọ́ńbà ìbéèrè ni! Ìbéèrè 12 di 17, kìlógíráàmù 5 di 8, ó parí. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, ó ṣì ń bí mi.

Ṣó o rí i, ẹni tó ń yan ìwé kọ́ ló ń sanwó ẹ̀. Lẹ́kíṣọ̀ sábà máa ń gba tiẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó tẹ̀ ẹ́, àwa tá à ń sanwó ò sì lẹ́nu níbẹ̀. Tí wọ́n bá ta àlòkù, kò sówó tó ń wọlé fún atẹ̀wé, torí ẹ̀ ni tuntun fi ń jáde ṣáá, bẹ́ẹ̀ kálíkúlọ́ọ̀sì tí wọ́n ń kọ́ wa ti wà láti ayé Newton.

Èyí tó dùn mí jù ni ti kóòdù tí wọ́n ń fi sínú ìwé tuntun, tá a fi ń wọ wẹ́bsáìtì ìwé náà. Mo ra àlòkù kan lówó pọ́ọ́kú, àfi bí mo ṣe rí i pé ẹni tó kọ́kọ́ ní in ti lo kóòdù inú ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń ṣiṣẹ́, orí wẹ́bsáìtì yẹn la sì ti ń ṣe àsáìnmẹ́ǹtì tó ní máàkì. Mo tún lọ san owó kóòdù lọ́tọ̀.

Nítorí náà bi lẹ́kíṣọ̀ ní tààrà: ṣé a máa lo kóòdù? Tó bá ní rárá, ra kẹjọ, kó o máa wo ìbéèrè nìkan lára ti ẹlòmíì. Tó bá jẹ́ ìwé òfin tàbí ti owó orí ni mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀, tiwọn ń yí padà lóòótọ́.

Tún wo OpenStax, àwọn ìwé ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Rice University ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ọ̀fẹ́ ni PDF wọn. Òun ni mo fi ń ṣe lẹ́sìnnì físíìsì fáwọn ọmọ báyìí, àlàyé ẹ̀ yé wọn dáadáa, ìbéèrè tó le gan-an nìkan ni mo máa ń wá kún un. Tí lẹ́kíṣọ̀ bá ti fèsì, padà wá sọ ohun tó wí.