Ọmọ mọ̀lẹ́bí tó ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ yín ní England: ìgbà wo ló ń di private fostering?

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ọmọ kọ́sìn yín, ọmọ ọdún 13, ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá lo ọdún kan lọ́dọ̀ yín, ẹnì kan sì ti fi yín lọ́kàn balẹ̀ pé bí káńsù ò bá ti sanwó fún yín, ọ̀rọ̀ fostering (gbígba ọmọ ọlọ́mọ tọ́) ò kàn yín. Ó kàn yín gan-an. Òfin ò wo owó rárá.

Abala 66 nínú Children Act 1989 lẹ máa wò. Bí ọmọ ò bá tíì pé ọdún 16 (tó bá jẹ́ abirùn, 18), tó ń gbé nílé ẹni tí kì í ṣe òbí rẹ̀, tí kò ní àṣẹ òbí lórí rẹ̀, tí kì í sì í ṣe ìbátan rẹ̀, fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, private fostering ni. Scotland ní òfin tiwọn, ti ọdún 1984. Ẹ má fi èyí ṣe àmúlò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbátan yìí ló ń gbé àwa Yorùbá ṣubú. Àwọn tí òfin kà mọ́ ọn ò pọ̀: bàbá àgbà àti ìyá àgbà ọmọ, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ìyá tàbí bàbá rẹ̀, ọkọ ìyá rẹ̀, ìyàwó bàbá rẹ̀. Ọbàkan àti iyèkan wọlé, ìyàwó àbúrò bàbá náà wọlé. Ó tán. Kọ́sìn ò sí níbẹ̀. Obìnrin tó ń bá bàbá ọmọ gbé láìṣègbéyàwó lábẹ́ òfin ò sí níbẹ̀, ká má tiẹ̀ tíì sọ ti pásítọ̀ àti ará àdúgbò. Ọ̀dọ̀ àǹtí bàbá rẹ̀ ni Victoria Climbié, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n fìyà jẹ pa, wà tó fi kú ní London lọ́dún 2000. Àǹtí bàbá ò sí nínú àkójọ náà, ikú ọmọ yẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ojú káńsù le sí irú ètò báyìí.

Nítorí náà, bí social worker bá bi yín léèrè, ẹ má sọ pé "àbúrò mi ló bí i". Ẹ ṣàlàyé okùn ẹbí náà: "ìyá mi àti ìyá bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan." Tí wọ́n bá kọ "uncle" sílẹ̀ lónìí, tí ìwé ìbí wá sọ nǹkan mìíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, òpùrọ́ ni wọ́n máa kà yín sí.

Ọjọ́ 28 yẹn, ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn ló ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé ọdún kan ni, láti ọjọ́ kìn-ín-ní ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń gbé ọmọ lọ sílé ọ̀rẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹta kí kíkà lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ọgbọ́n tí ò ran nǹkan ni, ìsinmi ránpẹ́ kì í já kíkà. Àmọ́ ọmọ tó wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ń padà, kò sí wàhálà. Bí ìyá rẹ̀ bá sì jọ ń gbé ilé yín pẹ̀lú rẹ̀, kì í ṣe fostering.

Ẹ̀yin àti òbí rẹ̀ lẹ máa sọ fún káńsù, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ọmọ tó dé. Bí àkókò ò bá tó bẹ́ẹ̀ mọ́, lójú ẹsẹ̀. Bó bá dé, ẹ tún sọ fún wọn láàárín wákàtí 48. Bó bá kúrò, wákàtí 48 náà ni. Ẹni tó dákẹ́ láìnídìí lè jẹ́jọ́, kó sì san owó ìtanràn. Wọ́n á wá láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje, wọ́n á wo ibi tí ọmọ ń sùn, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan, wọ́n á sì yẹ àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá àwọn àgbà inú ilé wò. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọn kì í jẹ́ kó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ kí wọ́n tó padà wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sẹ̀ 12.

Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ àwọn òbí, kí nọ́ńbà fóònù wọn wà níbẹ̀, kó sọ pé ẹ lè gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ sì lè fi í síléèwé. Àwọn ló ṣì ni àṣẹ òbí. Bí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, ẹ lè ṣe ohun tó tọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ tí wọ́n dá ọjọ́ fún, àwọn òbí ni wọ́n máa bi.

Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí, torí owó ńlá wà nínú rẹ̀. Bí social worker bá pè yín pé kẹ́ ẹ bá àwọn gba ọmọ kan mọ́ra, tí wọ́n wá padà sọ pé "private" ni, kí wọ́n má baà sanwó, ẹ má gbà. Lọ́dún 2007, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lórí káńsù Southwark: obìnrin kan tí bàbá ọmọ ti ń fẹ́ tẹ́lẹ̀ gba ọmọ náà sílé nítorí káńsù bẹ̀ ẹ́. Adájọ́ ní káńsù ló ṣètò ẹ̀, section 20 ni (abala Children Act yẹn tó ní kí káńsù fún ọmọ níbùgbé), owó wà lọ́rùn wọn. Kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn, ẹ bi wọ́n bóyá section 20 ni, kí wọ́n sì fi èsì ránṣẹ́ sórí ímeèlì.

Tiyín ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin àti òbí rẹ̀ lẹ jọ ṣètò, owó oúnjẹ àti aṣọ ọmọ, ọwọ́ wọn lẹ máa ti gbà á. Ẹ kọ iye rẹ̀ sínú lẹ́tà yẹn náà.