Má pa Intel nítorí NVIDIA

Àbúrò mi ní Ṣàgámù, mo ti ka ẹjọ́ rẹ. O ní láptọ́ọ̀pù rẹ ní RTX 3050, káàdì àwòrán ti NVIDIA, síbẹ̀ Premiere Pro tí o fi ń ṣàtúnṣe fídíò ń wọ́ bí ìgbín. Ibi Renderer kọ "Software Only", ìyẹn ni pé kò lo káàdì rárá. O ṣí Task Manager, káàdì tí o fowó ńlá rà ń ṣe 2% péré. O bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní káàdì kankan, o wá gbé e wá sórí tìrẹ. Ẹnì kan ti wá ní kí o wọ Device Manager, ibi tí Windows ti ń to àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, kí o pa Intel, ìyẹn ẹ̀yà àwòrán tó bá láptọ́ọ̀pù náà wá, pé NVIDIA á jí. Jọ̀ọ́, mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀ ná. Èmi ti pa á rí.

Ojúde Ọba ni, ọjọ́ kẹta Iléyá, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan ló gbé iṣẹ́ fún mi, wọ́n sì fẹ́ fídíò kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo ti wà lórí ìdúró láti àárọ̀: aṣọ-òkè, ìlù, àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé Balógun, èéfín ìbọn. Mo délé lálẹ́, mo kó gbogbo rẹ̀ sórí timeline, mo tẹ play. Ẹṣin gbé ẹsẹ̀ sókè. Ìlù ń lọ geere, ẹsẹ̀ ẹṣin ò sọ̀kalẹ̀. Mo pe ẹni tó máa ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó ní kí n pa Intel. Mo pa á. Ojú kọ̀ǹpútà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, bọ́tìnnì tí mo fi ń dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù kò ṣiṣẹ́ mọ́, fídíò náà sì wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo wà títí wọ́n fi pe ìrun àárọ̀.

Ohun tí kò yé mi nígbà náà nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù oníkáàdì méjì, ara Intel ni wọ́n so ojú rẹ̀ mọ́. NVIDIA a ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán, a gbé àwòrán gba ọ̀dọ̀ Intel kọjá. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó ohun kejì yìí. Iṣẹ́ méjì ni fídíò máa ń gbé wá. Ọ̀kan ni ká tú fáìlì tí kámẹ́rà ti fún pọ̀ sílẹ̀, ìyẹn decode. Èkejì ni ká fi àwọ̀ sí i, ká nà án, ká yí i. CUDA, ọ̀nà tí káàdì NVIDIA fi ń ṣe ìṣirò, tí gbogbo ayé ń pariwo, iṣẹ́ kejì ló wà fún. Ti àkọ́kọ́, ẹ̀yà mìíràn nínú káàdì ló ń ṣe é, ẹ̀yà yẹn sì máa ń ṣà á jẹ. H.265 4:2:2 10-bit ni kámẹ́rà mi ń yà: H.265 ni ọ̀nà tó fi ń fún fáìlì pọ̀, 4:2:2 àti 10-bit ń sọ bí àwọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. RTX 3050 kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú 4:2:2. Ẹ̀yà RTX 50 tó jáde ní 2025 ni NVIDIA ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sí. Àmọ́ Intel ìran kọkànlá tó wà lára láptọ́ọ̀pù mi, tí mo ń fojú tín-ín-rín, Quick Sync, ẹ̀yà tó ń tú fídíò nínú rẹ̀, ń tú u wẹ́rẹ́. Ẹni tó ń pọnmi nílé ni mo lé jáde.

Nítorí náà, bẹ̀rẹ̀ láti ibi "Software Only" yẹn. Inú project ni Premiere máa ń kọ ọ́ sí, kì í ṣe ara kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ ló kọ ọ́ síbẹ̀, ìwọ kàn gbé e wálé ni. Lọ sí File, Project Settings, General, kí o yí i sí CUDA. Bí CUDA ò bá sí níbẹ̀ rárá, dráífà (driver, ètò tó ń jẹ́ kí Windows bá káàdì sọ̀rọ̀) ló ń yọ ọ́ lẹ́nu: gba Studio Driver lórí ìkànnì NVIDIA fúnra rẹ̀, má gba Game Ready tó wà fún géèmù, yan Custom, kí o sì máàkì clean installation. Lẹ́yìn náà, wọ Preferences, Media, kí o rí i pé hardware accelerated decoding wà ní títàn, àti Intel àti NVIDIA. Pa Premiere, tún un ṣí. Nínú Windows náà, Settings, System, Display, Graphics, fi Premiere sí High performance.

Wàyí o, 2% yẹn. Bí o bá kàn gé fídíò lásán tí kò sí àwọ̀ tàbí ìyípadà kankan lórí rẹ̀, káàdì ò ní iṣẹ́ tí yóò ṣe, kò sì ṣàìsàn. Nínú Task Manager, tẹ GPU ti Intel, kí o wo àpótí Video Decode nígbà tí fídíò ń lọ. Bó bá ń gòkè, ara rẹ̀ yá. Fi Lumetri, irinṣẹ́ àwọ̀ inú Premiere, sí i, kí o wo ti NVIDIA. Bí kámẹ́rà rẹ bá jẹ́ H.264 4:2:2, tèmi ò rí i tú lọ́nà méjèèjì. Proxy, ìyẹn ẹ̀dà fídíò tó fúyẹ́, ni mo máa ń ṣe, mo máa ń jẹ́ kó ṣe é nígbà tí mo bá ń sùn. Fídíò fóònù tún ní wàhálà tirẹ̀, torí iye fréèmù rẹ̀, ìyẹn àwòrán inú ìṣẹ́jú-àáyá kan, kì í dúró sójú kan. HandBrake, ètò tó ń yí fídíò padà, ni mo fi ń tún un ṣe.

Má fojú fo ọ̀rọ̀ iná o. Ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná dé pẹ̀lú agbára, ṣájà mi oníwáàtì 180 jóná. Ìjẹ̀bú ni mí, mo wá èyí tó dínwó, mo ra ti USB-C oníwáàtì 65. Bátìrì ń kún, mo rò pé mo gbọ́n. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bú Premiere, ká tó mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ló ń fún NVIDIA lọ́rùn kí iná lè tó o. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń rí bí o bá ń lo bátìrì nìkan. Tí o bá fẹ́ render, ìyẹn yíyọ fídíò tó parí jáde, fi ṣájà tó bá a wá sí i, kí o sì gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kí ooru má dí i.

Bí o bá ti pa Intel kí o tó kọ̀wé, padà sí Device Manager, tẹ̀ ẹ́ lápá ọ̀tún, Enable device, kí o tún kọ̀ǹpútà tàn. Kí o wá fi fáìlì kan sínú MediaInfo, ètò tó ń ṣàlàyé ohun tó wà nínú fídíò, kí o sọ fún mi ohun tó kọ síwájú Format àti Chroma subsampling, ibi tí irú 4:2:2 yẹn máa ń wà.