Ẹ gba òǹtẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò ní ọ́fíìsì ìjọba

Ẹ kú iṣẹ́ ìjọ o, ìyá wa. Mo rí ohun tẹ́ ẹ bèèrè, pé ẹ̀yin ìyá CWO, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Kátólíìkì, ní páríìṣì yín lápá Òmù-Àrán fẹ́ kọ̀wé síjọba lórí àwọn tó ń gé igi sun èédú, ṣé Bíṣọ́ọ̀bù ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ni àbí ẹ̀yin fúnra yín. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an torí a ṣe irú ẹ̀ lápá Òrò níbí, ojú wa rí màbo.

Lẹ́tà kíkọ ò le. Ẹ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́, ó parí. Fífi lé wọn lọ́wọ́ gan-an niṣẹ́. A dé ọ́fíìsì kan n'Ílọrin, ọmọkùnrin tó jókòó níbẹ̀ ní ká gbé e sílẹ̀. A ní kó bá wa lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiwa, ó ní ẹni tí òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò wá síṣẹ́. Ìgbà tá a padà lọ, wọ́n ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan. Wọ́n ní ọ̀gá wà l'Ábújá. Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ igbó, ìjọba ìbílẹ̀ ni ká lọ bá, a débẹ̀, àwọn yẹn ní ti ìpínlẹ̀ ni. Àwọn ìyá àgbà ló ń wọ mọ́tò kiri báyìí o, ẹsẹ̀ ń dun ẹlòmíì nínú wọn, owó mọ́tò sì ti di ọ̀ràn. Nígbà tá a yarí pé a ò ní lọ la rí lẹ́tà náà lórí tábìlì kan náà, wọ́n gbé fúláàsì tíì lé e, àmì ìdí fúláàsì rí roboto lórí orúkọ Fada. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí.

Ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ wọn tún ní climate, ìyẹn ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ìjọ. Ta ló wá mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ti ń ṣa èso igi èmi láti kékeré? Igi èmi àti igi igbá tí wọ́n ń gé yẹn ni òrí àti irú ti ń wá, owó ilé ìwé ọmọ ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn sínú lẹ́tà, ẹ dárúkọ igi, ẹ dárúkọ abúlé àti odò tó ń gbẹ.

Wọ́n á fẹ́ fi gírámà dẹ́rù bà yín. Ẹ sọ fún wọn pé abala 20 nínú ìwé òfin 1999 ní kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀ àti igbó, pé òfin Climate Change ti wà láti 2021, pé òfin FOI 2011, ìyẹn òfin ẹ̀tọ́ aráàlú láti rí ìwé ìjọba, sì fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn tẹ́ ẹ bá bèèrè ìwé lọ́wọ́ wọn. Kwara wà nínú ACReSAL, iṣẹ́ àtúnṣe ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ tí Báńkì Àgbáyé ń náwó sí, ẹ bèèrè ohun tó kan ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú àwọn tó ń sun èédú nínú Mísà, ọmọ wa wà nínú wọn, gáàsì tó wọ́n ló sì jẹ́ ká máa ra èédú. Ẹ pe àwọn ìyá Mùsùlùmí àti Kábíyèsí mọ́ra, torí igi kan náà la jọ ń jẹ lára ẹ̀. Olóṣèlú tó bá wá ṣe ìdúpẹ́ pẹ̀lú fìlà ẹgbẹ́ ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó ya fọ́tò pẹ̀lú lẹ́tà yín.

Ẹ̀n-ẹ́n, ìbéèrè yín. Gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú, ẹ lè fọwọ́ sí i fúnra yín. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá máa lo orúkọ Kátólíìkì, kánọ́nì 216 nínú ìwé òfin Ìjọ ní àfi kí aláṣẹ Ìjọ gbà á, torí náà ẹ gba ọ̀dọ̀ Fada, kó gbé e dé JDPC, ìgbìmọ̀ Ìjọ tó ń rí sí ìdájọ́ òdodo, ìdàgbàsókè àti àlàáfíà. Póòpù Francis ti sọ ọ́ nínú Laudato Si', lẹ́tà tó kọ sí gbogbo ayé lórí ìtọ́jú àyíká ní 2015, pé aráàlú ló gbọ́dọ̀ máa ti ìjọba, Fada ò ní kọ̀. Ẹ fi sí Àsìkò Ìṣẹ̀dá, ìgbà tí àwọn Kristẹni ń gbàdúrà fún ohun tí Ọlọ́run dá, 1 Sẹ̀tẹ́ńbà sí 4 Ọkitóbà, kó lè dọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó parí bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ẹ fún kílákì Ilé Aṣòfin ní ẹ̀dà kan o, kì í ṣe ọnọ́rébù yín nìkan, torí ọnọ́rébù lè pàdánù ìbò, kílákì á ṣì wà níbẹ̀.