Kí ló dé tí pẹ́ńtì mọ́tò kékeré mi fi ń funfun?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣómólú ni mò ń gbé. Mo ra mọ́tò rọ́bà tí èèyàn máa ń tò fúnra ẹ̀, bọ́ọ̀sì Volkswagen ti 1/24 (ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún ti gidi), mo fẹ́ kùn ún bíi dánfó, yẹ́lò pẹ̀lú ìlà dúdú méjì. Àárọ̀ Sátidé lẹ́yìn òjò ni mo fi pẹ́ńtì alágolo fín in, ó kọ́kọ́ ń dán, àmọ́ kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun lójú bíi pé èéfín bò ó. Mo wá gba tínà lọ́wọ́ pẹ́ńtà mọ́tò àdúgbò wa kí n fi nù ún, ni rọ́bà yẹn bá ń yọ́, tó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé pẹ́ńtì ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? Ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Ó ṣeé tún ṣe, má jù ú nù. Mi ò sì rò pé pẹ́ńtì ẹ jẹ́ ayédèrú, ohun tí o sọ yẹn, pé àárọ̀ ni, pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Omi ló kó sínú pẹ́ńtì ẹ. Iṣẹ́ pẹ́ńtà mọ́tò ni mò ń ṣe ní Múṣín, mọ́tò ńlá là ń fín ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn kékeré yìí ni mo fi ń najú tí mo bá délé, ohun tó ń ṣe méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àfi pé ti kékeré kì í forí jì èèyàn.

Wò ó, pẹ́ńtì inú agolo yẹn, tínà ló pọ̀ nínú ẹ̀, tínà yẹn sì máa ń yára fẹ́ lọ. Bó ṣe ń fẹ́ lọ ló ń kó ooru ojú pẹ́ńtì yẹn lọ, ojú pẹ́ńtì á wá tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Ṣé o mọ bí ìgò mínírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì ṣe máa ń làágùn? Nǹkan kan náà ni, omi inú afẹ́fẹ́ á bà lé pẹ́ńtì tí ò tíì gbẹ, á há sínú ẹ̀, òun lo rí tó funfun yẹn. Èkó wa yìí wá nìyí, òkun níwájú, ọ̀sà lẹ́gbẹ̀ẹ́, láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá afẹ́fẹ́ wa kún fún omi, àárọ̀ kùtù àti ìgbà tójò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ló sì máa ń burú jù. Nítorí náà ojú ọjọ́ ni kí o kọ́kọ́ wò kí o tó gbá agolo mú.

Aago méjìlá sí mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ tóòrùn mú ni mo fẹ́ràn jù. Má fín in nínú oòrùn gan-gan ṣá o, abẹ́ ibòji tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé ni, tórí pé nínú oòrùn pẹ́ńtì á ti gbẹ kó tó balẹ̀, ojú ẹ̀ á rí ṣákaṣàka. Tó o bá ní ẹ́síì nílé, ó dáa kí mọ́tò gbẹ níbẹ̀ lẹ́yìn tí òórùn tínà bá ti lọ, torí ẹ́síì máa ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́, àmọ́ má gbé mọ́tò tó ti tutù nínú ẹ́síì jáde kó o wá fín in lójú ẹsẹ̀, òun náà á làágùn ni, àní kí pẹ́ńtì tó kàn án rárá. Jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti ìta. Ìgbà ọyẹ́ ni afẹ́fẹ́ gbẹ dáadáa, àmọ́ eruku wà ńbẹ̀, o ní láti wọ́n omi sílẹ̀ yàrá díẹ̀ kó o sì fi páálí bo mọ́tò tó o bá ti fín in tán.

Agolo yẹn náà, kó o tó lò ó, fi sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, omi tó o lè ki ọwọ́ bọ̀ tí ò ní ta ẹ́, pẹ́ńtì á jáde lẹ́búlẹ́bú. Omi híhó kọ́ o, má gbé e sún mọ́ iná láéláé, agolo yẹn lè bú gbàmù. Lẹ́yìn náà gbọ̀n ọ́n dáadáa, di í mú jìnnà sí mọ́tò tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó o tún fín òmíì lé e. Àwọn èèyàn máa ń fẹ́ kó bò lẹ́ẹ̀kan náà, òun ló ń ba iṣẹ́ jẹ́, torí pẹ́ńtì tó nípọn, tínà inú ẹ̀ pọ̀, ó ń tutù jù, ó sì ń fa omi jù. Yàtọ̀ síyẹn, 1/24 túmọ̀ sí pé bọ́ọ̀sì tó gùn tó mítà mẹ́rin àti ààbọ̀ ti di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 19, pẹ́ńtì ò sì lè kéré bí mọ́tò ṣe kéré, tó bá nípọn gbogbo ìlà etí ilẹ̀kùn ló máa dí. Ẹni tó bá ń lo kọ̀mpírẹ́sọ̀, kó ṣí omi inú táǹkì ẹ̀ dànù kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì wá tínà tí kì í yára gbẹ.

Tó bá tún funfun lọ́jọ́ mìíì, má fọwọ́ kàn án, má nù ún. Jẹ́ kó gbẹ, dúró di ọ̀sán tóòrùn mú, fín pẹ́ńtì yẹn kan náà fẹ́lẹ́ lé e lórí, tínà inú ẹ̀ á mú kí ojú ti ìsàlẹ̀ rọ̀, omi tó há á ráyè jáde. Ọ̀pọ̀ ìgbà ibẹ̀ ló máa parí sí.

Ní ti tínà tó o gbà yẹn, tínà tiwa, àwọn pẹ́ńtà mọ́tò, irin la ṣe é fún. Rọ́bà mọ́tò ẹ, polystyrene ni, tínà tó ní toluene àti acetone nínú á yọ́ ọ. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ mọ́tò rọ́bà yìí náà, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ó ń yọ́ etí méjèèjì kí wọ́n lè di ọ̀kan. Nítorí náà gbé e sílẹ̀ bí ọjọ́ mẹ́ta, má tẹ̀ ẹ́, má ha á, á tún le padà. Tó bá ti le, fi sáńpépà olómi nọ́ńbà 600 fá ibi tó rí págunpàgun, kó o bọ́ sí 1000 tó kúnná jù ú lọ, ibi tó bá jìn kó o fi fílà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ihò, dí i. Pẹ́ńtì tó kù lára ẹ̀, fi sípíríìtì kẹ́mísì tó ń jẹ́ isopropyl fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, àmọ́ dán an wò ná lára igi rọ́bà tí àwọn nǹkan inú páálí so mọ́. Àwọn kan máa ń rẹ mọ́tò sínú Détọ́ọ̀lù, ó máa ń yọ àwọn pẹ́ńtì kan, àmọ́ pẹ́ńtì alágolo máa ń ṣagídí sí i, tó o bá sì lò ó má tètè da omi sí i, inú Détọ́ọ̀lù náà ni kó o ti kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ohun tó yọ yẹn á di àtè mọ́ ẹ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà fi ọṣẹ àti omi fọ gbogbo ẹ̀, òróró ọwọ́ wà ńbẹ̀, fi práímà funfun, ìyẹn pẹ́ńtì ìpìlẹ̀, fín in, kì í ṣe eléérú. Yẹ́lò kì í bo nǹkan dáadáa, tí abẹ́ ẹ̀ bá ṣókùnkùn wàá máa fín in títí ni, kò ní rí bíi dánfó láéláé. Yẹ́lò ni kó o kọ́kọ́ fín, jẹ́ kó gbẹ dénú fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, kó o tó lẹ téèpù fún ìlà dúdú. Ìlà tó bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 lára dánfó gidi, nǹkan bíi mìlímítà mẹ́rin ló máa jẹ́ lára tìẹ. Téèpù pépà tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù pẹ́ńtì, etí ẹ̀ ò mọ́, lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì kó o fi abẹ tuntun gé etí mìíì sí i. Tó o bá ti lẹ̀ ẹ́ tán, fín yẹ́lò díẹ̀ sí etí téèpù yẹn kó tó kan dúdú, ibi tí dúdú ì bá gbà wọlé, yẹ́lò á ti dí i, ìlà ẹ á mú ṣáṣá. Èmi fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn gan-an, ìgbà tí téèpù bá ń ká kúrò.

Gíláàsì fèrèsé ẹ náà lè funfun, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ omi, super glue ló ń fà á, èéfín ẹ̀ ló ń bo ojú gíláàsì. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà ni kó o fi lẹ̀ ẹ́.

Jọ̀ọ́, má fín pẹ́ńtì nínú yàrá tí ọmọ kékeré ń sùn sí, má fín in ní kíṣìnì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, èéfín tínà máa ń gbiná. Ìbòmú aláṣọ ò tó, wá irú èyí tó ní èédú nínú, àwa tá à ń ṣe é lójoojúmọ́ mọ ohun tó ń ṣe fún àyà.

Agolo tó kù lọ́wọ́ ẹ, má tíì lọ bá ẹni tó tà á fún ẹ jà. Mú ṣíbí rọ́bà kan, fín in lọ́sàn-án ọjọ́ tí òjò ò rọ̀, kó o gbé e sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Tó bá ń dán tí ò funfun, pẹ́ńtì ẹ dáa, máa bá iṣẹ́ ẹ lọ.