Gúrárà tàbí Lọ́kọ́ja?

Ẹ̀gbọ́n, níwọ̀n bí ẹ ti fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wo omi kí ẹ sì padà sí Àbújá lọ́jọ́ kan náà, Gúrárà, níbi tí omi ti ń ya wálẹ̀ láti orí àpáta, ni kí ẹ lọ. Ọ̀nà Súléjà sí Minna ló wà. Ẹ ó tiẹ̀ rí Òkè Zuma lọ́nà. Ní oṣù kẹwàá, omi ṣì ń ya wálẹ̀ gan-an láti òkè bíi mítà 30. Ariwo rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni omi á máa ta sí yín lójú. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ níbẹ̀ o! Òkúta ibẹ̀ ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá.

Lọ́kọ́ja náà dára: láti orí Òkè Patti, ẹ ó rí ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Ṣùgbọ́n àlọ nìkan tó nǹkan bíi kìlómítà 200. Ẹ sùn síbẹ̀ bí ẹ bá máa lọ.