Òórùn ọsàn láàárọ̀, òórùn ilẹ̀ lọ́sàn-án

Ẹ kú ìbéèrè, Àǹtí. Ẹ ní lọ́fínńdà Coco Mademoiselle tí àbúrò yín fi ránṣẹ́ ń ta sánsán bí ọsàn tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fín in, àmọ́ kó tó di ọ̀sán, òórùn ilẹ̀ ló kù lára yín. Ẹ wá ń bẹ̀rù pé ayédèrú ni. Ìyẹn nìkan ò sọ ọ́ di ayédèrú o. Bí Jacques Polge, apo-lọ́fínńdà, ṣe pò ó fún ilé iṣẹ́ Chanel ní 2001 nìyẹn.

Ọsàn ló fúyẹ́ jù nínú rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ ń fò lọ. Òdòdó rósì àti jasmine á tẹ̀ lé e. Àwọn tó wúwo, patchouli àti vetiver, ló ń gbẹ̀yìn. Ewé ni patchouli: wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á fi ooru omi gbígbóná fa òróró rẹ̀ jáde, Indonesia ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Vetiver ní tirẹ̀, gbòǹgbò koríko ni, ṣé ẹ wá rí ibi tí òórùn ilẹ̀ ti wọ̀ ọ́? Èmi gan-an, ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn: bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kan erùpẹ̀ gbígbẹ.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ọsàn yẹn pẹ́ díẹ̀, etí ìborùn ni kí ẹ fín in sí, ẹ̀ẹ̀kan péré, torí ooru ara ló ń tètè lé e lọ. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ léèsì funfun o. Lọ́fínńdà kan ti fi àmì rúsúrúsú sí tèmi rí, kò sì ṣí títí dòní.